Àyẹ̀wò itọ́ fún àrùn erìgì: ṣé ó lè rọ́pò irin tí wọ́n fi ń wọn ìdí eyín?

Àdùkẹ́ Houston (Ọjọ́ Ajé, 8:40 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni mo gbé wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Ẹni ọdún 52 ni mí, mo ti ń gbé Houston láti 2009. Àtọ̀gbẹ wà lára mi, ó ti tó ọdún mẹ́jọ. Láti bí ọdún méjì ni ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde tí mo bá ń fọ eyín láàárọ̀, mo sì ń sọ fún ara mi pé búrọ́ọ̀ṣì ló le jù. Ẹ̀jẹ̀ ń bẹ nínú, mò ń tu itọ́ funfun jáde. Ìgbà tí eyín iwájú mi kan nísàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì ni mo tó gbà láti lọ rí dókítà eyín.

Wọ́n ti irin tín-ín-rín kan bọ ìdí eyín mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ibi mẹ́fà lára eyín kan, wọ́n ń ka iye mílímítà rẹ̀ síta: mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún, mẹ́fà. Ó dùn mí débi pé mo di apá àga mú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n fi omi iyọ̀ yọ ẹnu dé ọ̀fun fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kí n tu ú sínú ìgò kékeré kan, wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí lábù. Èsì dé lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan. Orúkọ bakitéríà mọ́kànlá ló wà nínú ìwé náà, ọ̀pá pupa sì ga lórí mẹ́ta: Porphyromonas gingivalis, Tannerella forsythia àti Treponema denticola.

Wọ́n ti fọ ìdí eyín mi jinlẹ̀, apá ọ̀tún lọ́jọ́ kan, apá òsì ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ní báyìí, wọ́n fẹ́ kí n máa ṣe àyẹ̀wò itọ́ yìí ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún dọ́là lẹ́ẹ̀kan, ìnṣọ́ránsì mi kò sì san kọ́bọ̀ níbẹ̀.

Ìbéèrè méjì ni mo ní. Ṣé ó yẹ kí n máa ná owó yẹn? Tí mo bá sì ń ṣe ti itọ́, ṣé mo lè sọ fún wọn pé kí wọ́n yéé ki irin bọ̀ mí nídìí eyín?

Ìyá Tóyìn, Àkúrẹ́ (Ọjọ́ Ajé, 9:15 alẹ́)

Pẹ̀lẹ́ o, àbúrò mi. Ọlọ́run á fi àlàáfíà sí i. Mo fẹ́ béèrè, ṣé ìtọ̀ àárọ̀ kùtùkùtù ni wọ́n ń gbà ni? Níbi tí mo ti ń lọ yẹ ṣúgà wò, ti àárọ̀ ni wọ́n máa ń fẹ́. N kò mọ̀ pé ìtọ̀ lè sọ nǹkan nípa eyín.

Lábù Ifẹ̀ (Ọjọ́ Ajé, 10:02 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́, mà. Itọ́ ni, omi ẹnu, kì í ṣe ìtọ̀ tí à ń tọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń kọ ọ̀rọ̀ méjèèjì láìfi àmì sí i, ìyẹn ló ń da ọkàn ẹni tó ń kà á rú.

Ìdí tí itọ́ fi lè ròyìn erìgì nìyí. Láàrin eyín àti ẹran tó yí i ká, omi díẹ̀ wà tó máa ń sun jáde. Tí erìgì bá wú, omi náà á pọ̀ sí i, á sì dà pọ̀ mọ́ itọ́ pẹ̀lú gbogbo ohun tó gbé dání: bakitéríà, ẹ̀jẹ̀, àti àwọn nǹkan tí ara ń tú jáde láti fi jà. Itọ́ tí ẹnu àgbàlagbà ń pèsè lójúmọ́ tó ìdajì lítà sí lítà kan àbọ̀, ó sì ń kárí gbogbo ẹnu. Ẹni tó bá bu díẹ̀ nínú rẹ̀ ti bu ìròyìn gbogbo eyín pọ̀. Ibẹ̀ ni àǹfààní rẹ̀ wà, ibẹ̀ náà sì ni àbùkù rẹ̀ wà, nítorí ìròyìn àpapọ̀ kì í dárúkọ eyín kan.

Kọ́lá Hamburg (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:50 àárọ̀)

Ẹ kú àárọ̀ o. Àǹtí Àdùkẹ́, èyí tí wọ́n ṣe fún yín ń gba àkókò jù lójú tèmi. Níbí ní Jámánì, dókítà eyín mi ní ọ̀kan tí kì í dé lábù rárá. Mo kọ́kọ́ fi omi lásán yọ ẹnu fún ìṣẹ́jú àáyá 30, mo tu ú dànù. A dúró fún ìṣẹ́jú kan. Wọ́n wá fún mi ní omi mìíràn, kò ju ṣíbí tíì kan lọ, mo tún fi yọ ẹnu fún ìṣẹ́jú àáyá 30, mo tu èyí sínú ife kékeré. Nọ́ọ̀sì fi sìríǹjì fà á, ó sẹ́ ẹ, ó kán an sórí pátákó kékeré kan tó dà bí èyí tí wọ́n fi ń yẹ COVID wò. Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ìlà méjì yọ. Ìlà méjì túmọ̀ sí pé bakitéríà búburú ti pọ̀ jù lẹ́nu mi.

Wọ́n fọ eyín mi dé ìdí. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin a tún un ṣe, ìlà kan péré ló yọ. Ní tèmi, itọ́ ti tó. Kí ni mo tún ń fẹ́ irin ṣe?

Bàbá Àlàbá, Ògbómọ̀ṣọ́ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:30 àárọ̀)

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ìjíròrò. Mo ti lé ní ẹni ọdún 74, eyín mi kan péré ló ti ká, ìyẹn náà sì jẹ́ nítorí pé mo ṣubú lórí kẹ̀kẹ́ ní ọjọ́ kan. Pákò ni mo ń lò. Orín àtà ní àárọ̀, ó máa ń ta ẹnu, ó sì máa ń jẹ́ kí itọ́ ṣẹ̀. Tí n kò bá rí i, pákò Ìjẹ̀bú tàbí orín ayán. Mo máa ń rin ín títí tí yóò fi rọ̀ bí ìgbálẹ̀, n kì í kánjú. Kí ẹ tó máa san dọ́là lórí itọ́, ẹ padà sí orín.

Wasiu Mushin (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:05 àárọ̀)

Àǹtí, tí wọ́n bá ti rí bakitéríà, ẹ pa á. Amoxil àti Flagyl fún ọjọ́ márùn-ún. Ohun tí mo lò nìyẹn nígbà tí erìgì mi wú, ó lọ láàrin ọjọ́ mẹ́ta. Kẹ́míìsì tó wà lẹ́bàá ọ̀dọ̀ wa ń tà á.

Dókítà Eyín Sùúrù, Èkó (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:20 ọ̀sán)

Ẹ kú ọ̀sán, gbogbo ilé. Àrùn erìgì ni mò ń tọ́jú lójoojúmọ́, ẹ jẹ́ kí n ti orí ti Wasiu bẹ̀rẹ̀, torí òun ló lè ṣe ènìyàn ní jàǹbá jù.

Wasiu, àbúrò mi, ó lọ lóòótọ́, ó sì máa padà wá. Àwọn bakitéríà wọ̀nyí kì í dá rìn. Wọ́n máa ń so pọ̀ mọ́ ara eyín bí ìdọ̀tí tó lẹ̀ mọ́ ògiri odò, oògùn kì í wọ inú rẹ̀ dáadáa. Òkúta eyín tó ti le sí abẹ́ erìgì náà wà níbẹ̀, kò sí kápúsù tó lè gé e kúrò. Àwa náà máa ń fún àwọn aláìsàn kan ní amoxicillin àti metronidazole, ìyẹn Amoxil àti Flagyl tí o dárúkọ, àmọ́ ìgbà tí a bá ń fọ ìdí eyín náà ni, fún ẹni tí àrùn rẹ̀ ń sáré, a ó sì ti béèrè àwọn oògùn mìíràn tó ń lò àti bóyá ó ń mu ọtí. Ẹni tó bá ń gbé e mì ní gbogbo ìgbà tí erìgì bá ti wú yóò kàn kọ́ bakitéríà bí wọ́n ṣe ń sá fún oògùn ni.

Ó kan Àǹtí Àdùkẹ́. Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ohun tí mo máa ń bi ara mi kí n tó ní kí aláìsàn sanwó àyẹ̀wò: tí èsì bá yí padà, kí ni màá ṣe tó yàtọ̀? Ká ní P. gingivalis, àkọ́kọ́ nínú bakitéríà mẹ́ta inú èsì yín, ga lẹ́nu yín, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀jẹ̀, kòtò erìgì yín, ìyẹn àlàfo tí irin ń wọn láàrin eyín àti erìgì, kò sì ju mílímítà mẹ́ta lọ, n kò ní ṣe ju kí n ní kí ẹ máa fọ eyín dáadáa lọ. Ká ní ó ti lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n mílímítà mẹ́fà wà nídìí eyín kan, ẹ̀jẹ̀ sì ń jáde níbẹ̀, màá ṣiṣẹ́ lórí eyín yẹn lọ́jọ́ náà. Ní ọ̀nà méjèèjì, irin ló sọ ohun tí màá ṣe. Nítorí náà, ẹ má máa san án ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹ fi owó yẹn sanwó ìfọ̀dí eyín ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, ìyẹn gan-an ló ń dá àrùn yìí dúró.

Egungun tó bá ti lọ kì í padà fúnra rẹ̀. Erìgì tó kàn wú lásán ṣì ń padà bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n tí àrùn bá ti wọ egungun, iṣẹ́ wa ni láti dá a dúró níbi tó dé. Ẹ̀rọ x-ray ló ń fi ibi tó dé hàn wá. Itọ́ kò lè fi í hàn.

Ṣúgà yín ńkọ́? Ẹ kò sọ iye tó wà. Láti ìgbà tí wọ́n ti tún ìpín àrùn erìgì tò ní 2018, ẹni tí HbA1c rẹ̀, iye tó ń fi bí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ ṣe rí láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta hàn, bá ti pé 7.0 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ ti bọ́ sí ìpín C, ìyẹn àwọn tí àrùn wọn lè sáré jù. Àrùn erìgì náà sì máa ń lé ṣúgà sókè. Ìwádìí Cochrane, àjọ tó ń kó àwọn ìwádìí ìṣègùn jọ yẹ̀ wò, ti 2022 rí i pé ìtọ́jú erìgì ń fa HbA1c wálẹ̀ ní nǹkan bíi 0.43 láàrin oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin. Ó lè jọ ohun kékeré, àmọ́ ẹ bi dókítà ṣúgà yín wò, yóò sọ fún yín pé kò kéré.

Lábù Ifẹ̀ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:45 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ ṣé, Dókítà. Mo fẹ́ tún ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbọ́n Kọ́lá ṣe kó má bàa rìn jìnnà. Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ ṣe ṣàlàyé ìgbésẹ̀ rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún yín kò ka bakitéríà kankan. Ohun tó ń wá ni ẹ́ńsáìmù kan tó ń jẹ́ MMP-8, èyí tó ti jí sí iṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ ọ́ ní aMMP-8. Sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ wa ló ń tú u jáde nígbà tó bá ń bá bakitéríà jà. Iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù náà ni láti gé kọ́lájìn, kọ́lájìn sì ni okùn tó so eyín mọ́ egungun. Ọmọ ogun wá lé olè, ó wá ń wó ògiri onílé. Ààlà tí wọ́n fi sí i ni 20 nánógíráàmù nínú mílílítà kan. Tó bá kọjá rẹ̀, ìlà kejì á yọ.

Ìbéèrè tí àyẹ̀wò méjèèjì ń dáhùn yàtọ̀ síra, ẹ ò rí i? Ti Houston ń béèrè ẹni tó wọlé. Ti Hamburg ń béèrè bóyá wọ́n ń wó ilé lọ́wọ́. P. gingivalis lè wà lẹ́nu ẹni tí erìgì rẹ̀ le koko. Ṣùgbọ́n tí aMMP-8 bá ga, nǹkan ń bàjẹ́ lọ́wọ́, kódà kí ojú tó rí i. Tí mo bá ní láti yan ọ̀kan fún títọ́jú lẹ́yìn ìfọ̀dí eyín, ti Hamburg ni màá yàn.

Níbi tí èmi àti Dókítà ti yàtọ̀ nìyí. Ẹ ń sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó ti wà lórí àga dókítà eyín. Àwọn tí kò dé orí àga yẹn ńkọ́? Ilé ìwòsàn àtọ̀gbẹ, ibi ìtọ́jú aboyún, ìlú tí kò ní dókítà eyín kankan. Ní 2014, Solomon Nwhator ti OAU níbí àti àwọn dókítà eyín ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Èkó àti Ìbàdàn, pẹ̀lú Timo Sorsa ti Helsinki, tẹ iṣẹ́ wọn lórí irú àyẹ̀wò ti Hamburg yìí, èyí tí a ń fi omi yọ ẹnu ṣe, jáde nínú Journal of Periodontology. Ẹnu àwọn ènìyàn wa ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n rí i pé ó bá ìmọ́tótó ẹnu mu, ó sì bá ẹ̀jẹ̀ àti kòtò erìgì mu nígbà tí ibi tó ń ṣẹ̀jẹ̀ tàbí tó di kòtò bá ti ju ẹyọ kan lọ. Nọ́ọ̀sì tí kò tíì di irin eyín mú rí lè ṣe àyẹ̀wò yẹn lẹ́nu ọ̀nà. Inú mi máa ń bà jẹ́ pé iṣẹ́ tí a ṣe nílé wa, àwọn ará Jámánì ló ń jẹ àǹfààní rẹ̀.

Dókítà Eyín Sùúrù, Èkó (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:10 ìrọ̀lẹ́)

Mo gbà pẹ̀lú yín lórí ti ilé ìwòsàn àtọ̀gbẹ. N kò ronú dé ibẹ̀ nígbà tí mo ń kọ ti àkọ́kọ́. Àmọ́ ìlà méjì tí ó yọ fún ẹni tí kò níbi tí yóò gbé e lọ, ìbẹ̀rù nìkan ló fún un. Ẹ jẹ́ kí ọ̀nà sí ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò fọ eyín náà là kí àyẹ̀wò tó dé.

Ẹ fi èyí kún un pẹ̀lú: ẹnìkan tí eyín mẹ́jọ péré kù lẹ́nu rẹ̀, tí méjì sì ń bàjẹ́, itọ́ rẹ̀ lè má ju ìlà kan lọ. Omi tó ń sun níbi méjì náà kéré lójú itọ́ gbogbo ẹnu.

Fọláṣadé, Lewisham (Ọjọ́ Rírú, 9:30 alẹ́)

Ẹ kú ilé o. Iṣẹ́ fífọ eyín ni mò ń ṣe níbí, ó ti pé ọdún mọ́kànlá. Àǹtí Àdùkẹ́, gbogbo wọn ti sọ̀rọ̀ lórí itọ́, kò sẹ́ni tó dá yín lóhùn lórí ìrora irin náà, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ń lé yín sá.

Irin yẹn kì í ṣe abẹ́rẹ́. Ẹ wo orí rẹ̀ dáadáa lọ́jọ́ mìíràn, kò mú rárá, bọ́ọ̀lù kékeré tó jẹ́ ìdajì mílímítà ló wà lórí ọ̀pọ̀ wọn. Agbára tó yẹ ká fi tì í kò ju gíráàmù 20 sí 25 lọ. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, wọ́n ní ká tì í sábẹ́ èékánná àtàǹpàkò wa títí ibẹ̀ yóò fi funfun díẹ̀, tó bá dùn wá, a ti lo agbára jù. Nítorí náà, tó bá dùn yín tó bẹ́ẹ̀, ọ̀kan nínú méjì ni: bóyá ọwọ́ ẹni náà wúwo, bóyá erìgì yín wú gidi. Mo fura sí èkejì. Ẹ ó rí i pé lẹ́yìn tí wọ́n fọ ọ́ yìí, kò ní dùn bẹ́ẹ̀ mọ́. Tó bá ṣì dùn, ẹ ní kí wọ́n fi jẹ́ẹ̀lì tó ń pa ara kú sí i kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì máa sinmi díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀tọ́ yín ni láti béèrè. Àwọn aláìsàn wa, pàápàá àwọn ìyá wa, máa ń fara dà á wọn kò sì ní sọ̀rọ̀, wọn kàn kò ní padà wá mọ́ ni.

Ohun tí mo máa ń wò jù ni ẹ̀jẹ̀. Ibi tí mo bá fọwọ́ kan tí kò ṣẹ̀jẹ̀ léraléra, ọkàn mi máa ń balẹ̀ lórí rẹ̀. Àyàfi ẹni tó ń mu sìgá. Sìgá máa ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ erìgì pọ̀, ẹ̀jẹ̀ kò ní jáde, àrùn á sì máa jẹ egungun lọ nísàlẹ̀.

Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, NHS, ètò ìlera ìjọba, kì í san owó àyẹ̀wò itọ́. Ìfọ̀dí eyín fún àrùn erìgì wà nínú Band 2, ìpele kejì nínú owó tí aláìsàn ń san; £75.30 ni ní April 2025. Mo ti rí i ní ilé ìwòsàn aládàáni kan tí mo ṣe iṣẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, mo sì fẹ́ sọ òtítọ́: ó ń ran àwọn kan lọ́wọ́. Ọkùnrin kan wà tí mo ti bẹ̀ fún ọdún mẹ́ta pé kó máa fọ àárín eyín rẹ̀, kò gbọ́. Ọjọ́ tó fi ojú ara rẹ̀ rí ìlà méjì ló ra búrọ́ọ̀ṣì àárín eyín.

Bàbá Àlàbá, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, sà. Ẹ kò ṣì í sọ. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, fúnra rẹ̀ ti gbà tipẹ́ pé kí àwọn tó ń lo orín máa lò ó lọ. Ohun tí orín kò lè ṣe ni kó wọ abẹ́ erìgì tó ti di kòtò mílímítà mẹ́fà, tàbí kó ré òkúta tó ti gbó. Búrọ́ọ̀ṣì náà kò lè ṣe é.

Àǹtí, ohun tó wà lọ́wọ́ yín nìyí: búrọ́ọ̀ṣì kékeré tó ń wọ àárín eyín. Ìwọ̀n rẹ̀ pọ̀, àwọ̀ ni wọ́n fi ń dá a mọ̀, àárín eyín kan sí èkejì kò sì dọ́gba. Ẹ ní kí ẹni tó ń fọ eyín yín wọ̀n wọ́n fún yín níkọ̀ọ̀kan. Ó yẹ kó wọlé pẹ̀lú ìfọwọ́tì díẹ̀, kó má sì máa yọ̀ wọlé lásán. Ẹ̀jẹ̀ á jáde ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, ẹ má dá a dúró. Ní Aarhus ní Denmark ní 1965, Harald Löe ní kí àwọn ènìyàn tí erìgì wọn le má fọ eyín mọ́. Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí erìgì gbogbo wọn fi wú, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ. Nígbà tí wọ́n padà sí fífọ rẹ̀, ó tó ọ̀sẹ̀ kan tí ó fi balẹ̀.

Àdùkẹ́ Houston (Ọjọ́ Bọ̀, 5:15 àárọ̀)

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo ka gbogbo rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì. HbA1c mi jẹ́ 8.1 ní oṣù tó kọjá, Dókítà.

Mo rántí ohun kan: láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n gba itọ́ mi, mo ti fi chlorhexidine, oògùn tó ń pa bakitéríà ẹnu, yọ ẹnu, torí ojú ń tì mí pé ẹnu mi ń rùn. Ṣé ìyẹn lè ba èsì jẹ́?

Lábù Ifẹ̀ (Ọjọ́ Bọ̀, 7:00 àárọ̀)

Ó lè mú kí bakitéríà kéré sí bó ṣe yẹ, torí náà ó ṣeé ṣe kí ti yín ga ju èyí tí ẹ rí lọ. Tí ẹ bá tún fẹ́ ṣe é, ẹ má jẹun, ẹ má fọ eyín, ẹ má fi oògùn yọ ẹnu ṣáájú rẹ̀, ẹ bi wọ́n ní wákàtí tí wọ́n fẹ́. Ẹ sì lọ síbẹ̀ ní irú àkókò kan náà tí ẹ lọ tẹ́lẹ̀, kí èsì méjèèjì lè ṣeé fi wéra.

Ìyá Tóyìn, Àkúrẹ́ (Ọjọ́ Bọ̀, 8:20 àárọ̀)

Mo dúpẹ́ o, ọmọ mi ní Ifẹ̀, pé o là mí lóye. Ẹ jọ̀ọ́, Dókítà, èmi náà ní tèmi. Erìgì mi ti wú bo eyín iwájú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó dé ìdajì. Kò fi bẹ́ẹ̀ dùn mí. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan ni mò ń lò, amlodipine, ó ti pé ọdún mẹ́ta. Ṣé kí n lọ ṣe àyẹ̀wò itọ́?

Dókítà Eyín Sùúrù, Èkó (Ọjọ́ Bọ̀, 12:40 ọ̀sán)

Mà, ẹ má wá àyẹ̀wò itọ́ kiri. Ẹ lọ rí dókítà eyín, kí ẹ sì mú páálí oògùn yín dání. Amlodipine àti nifedipine lè mú kí erìgì hù bo eyín báyìí, àní ní ẹnu tó mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn wárápá tó ń jẹ́ phenytoin. Itọ́ kò ní sọ èyí fún wọn, ojú ni yóò rí i.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má dá amlodipine dúró fúnra yín. Dókítà tó kọ ọ́ fún yín ni yóò pàṣẹ bóyá kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀.

Wasiu Mushin (Ọjọ́ Bọ̀, 10:30 alẹ́)

Mo ti gbọ́, Dókítà. Ó ti wú padà lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà yẹn, n kò fẹ́ sọ. Màá wá àyè lọ fọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi kan ní lẹ́yìn tí wọ́n fọ tirẹ̀, eyín rẹ̀ ń mì, àlàfo sì là.

Fọláṣadé, Lewisham (Ọjọ́ Ẹtì, 6:45 àárọ̀)

Òkúta ló ti dí àlàfo náà, Wasiu, òun ló sì di eyín mú bí sìmẹ́ńtì. Àrùn ló ti jẹ ìdí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Erìgì tó wú tún sùn sílẹ̀ lẹ́yìn ìfọ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí àlàfo hàn. Mo máa ń sọ ọ́ fún gbogbo ènìyàn kí n tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tí a kò bá sọ fún yóò rò pé àwa la bà á jẹ́.

Àdùkẹ́ Houston (oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà)

Mo ṣèlérí nínú ọkàn mi pé màá padà wá sọ bó ṣe rí.

Mo lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo béèrè jẹ́ẹ̀lì, wọ́n fi sí i, bẹ́ẹ̀ n kò tilẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ nílò rẹ̀. Fọláṣadé, òótọ́ lo sọ, kò dùn bí ti àkọ́kọ́ rárá. Ibi márùn-ún ni mílímítà mẹ́fà wà tẹ́lẹ̀. Ibi mẹ́rin nínú wọn ti di mílímítà mẹ́rin tàbí mẹ́ta. Eyín iwájú yẹn ṣì ń mì díẹ̀ ṣùgbọ́n kò ṣẹ̀jẹ̀ mọ́. HbA1c ti di 7.6, mo mọ̀ pé oúnjẹ tí mo gé kù wà nínú rẹ̀.

Mo ṣe àyẹ̀wò itọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, mo fẹ́ mọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí n kò fi oògùn yọ ẹnu. Èsì dára, ọ̀pá pupa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wá sílẹ̀. Inú mi dùn títí wọ́n fi dé eyín ńlá ẹ̀yìn kan nísàlẹ̀ lápá òsì. Mẹ́fà ṣì ni, ẹ̀jẹ̀ sì jáde níbẹ̀. Ká ní itọ́ nìkan ni mo gbára lé, mi ò bá ti lọ sílé pẹ̀lú ayọ̀.

Dókítà Eyín Sùúrù, Èkó (ọjọ́ kejì)

Ẹ kú oríire, Àǹtí. Eyín ńlá ìsàlẹ̀ yẹn ní gbòǹgbò méjì, tí àrùn bá ti wọ oríta gbòǹgbò, ọwọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ibẹ̀. Ẹ bi wọ́n léèrè bóyá kí wọ́n tún un fọ̀, tàbí kí wọ́n ṣí erìgì kékeré níbẹ̀ kí wọ́n lè fi ojú rí ohun tí wọ́n ń fọ̀. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́.

Kọ́lá Hamburg (ọjọ́ kejì, alẹ́)

Àǹtí, ìròyìn yín ló gbé mi dìde. Mo pe dókítà mi lónìí, mo ní kí wọ́n wọn ti gbogbo eyín mi nígbà tí mo bá dé, ìlà kan o, ìlà méjì o. Obìnrin tó gbé fóònù sọ pé ó ti wà nínú ìwé mi pé wọ́n fẹ́ wọ̀n ọ́n ní ìgbà tó kọjá, èmi ni mo kọ̀.

Ìyá Tóyìn, Àkúrẹ́ (ọjọ́ kẹta)

Èmi náà lọ. Dókítà ti pààrọ̀ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, wọ́n sì ti fọ eyín mi lẹ́ẹ̀kan. Erìgì náà ti ń fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, wọ́n ní kí n padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta kí wọ́n wò ó bóyá wọ́n á gé èyí tó kù.